Ọdún Tí A Ku Mẹ́sàn-án

Nígbà tí Lùkúlùkú kọjá,
a ka ara wa lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì rélùwéè l'Ọ́fà:
a ku mẹ́sàn-án.
Gbádégẹṣin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tún wa kà,
ó ń fìka kàn wá lórí bí ẹni ń ka àpò ẹ̀pà,
mẹ́sàn-án náà ni.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn yòókù.

Èmi ò gbá bọ́ọ̀lù o. Èmi ni mo ń rán an.
Gàárì ẹṣin ni baba mi ń ṣe n'Ílọrin
kó tó bá ojú irin wá;
awọ ò ní àṣírí tó pa mọ́ fún wa.
Rọ́bà inú bọ́ọ̀lù náà ti bẹ́ tipẹ́, àpòòtọ̀ màlúù la fi rọ́pò,
mo ń fẹnu fẹ́ ẹ títí etí mi á fi máa hó.
Mo ń fòrí pa á lára kó má baà mumi,
síbẹ̀ bí òjò bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n,
ó wúwo bí orí ọmọ tó sùn lọ léjìká ẹni.

Ìlọrin kọ́kọ́ dé, ó jẹ wá ní mẹ́fà.
Ọkọ̀ ẹrù la wọ̀ lọ sí Jẹ́bà,
àwọn tí ń kun irin afárá gbá wa
bí ẹni gbálẹ̀ de àlejò.
Ní Ìkìrun, òjò nìkan ló ṣàánú wa.
L'Óṣogbo, Sálíù Agánrán forí ara rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù sílé wa,
ó di òpó mú, kò fẹ́ ká rójú òun,
ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀.

Bámgbálà ló ń ṣọ́lé.
Àrùn náà lọ, ikọ́ rẹ̀ ò bá a lọ.
Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, tí ikọ́ náà ń bọ̀,
ọ̀kan ni yóò lè mú nínú méjèèjì.

Àwọn àgbà wà lábẹ́ odán, wọn ò yé sọ̀rọ̀:
"Ìlú tí ń fi ìjàkadì ṣorò!
Ẹ ò mú ènìyàn kẹ́ ẹ dá a,
awọ màlúù tó ti kú lẹ̀ ń lé kiri!"
Òótọ́ ni. Kí la fẹ́ wí?

Ọ̀gá sítéṣọ̀n, Mísítà Défísì, kọ gbogbo rẹ̀
sínú ìwé tó fi ń kọ ẹrù tó sọnù:
ọjọ́, ìlú, iye tó wọlé.
Níbi orúkọ ẹni tó ni ín, ó fa ìlà.

Ìgbẹ̀yìn ọdún, nínú ọyẹ́, Ìlọrin tún dé.
Ìyá Oyèbọ̀dé gbé ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ wá, bó ṣe máa ń gbé e wá,
ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi sítáàṣì lọ̀ ọ́,
ó tẹ́ ẹ sórí koríko,
ó jókòó tì í.
Kò bi wá ta ló ń borí. Kò bi wá rí.

A fẹsẹ̀ dí, a fàyà dí,
Bámgbálà wúkọ́, bọ́ọ̀lù bá òpó.
Òdo sí òdo, oòrùn ń wọ̀,
ọmọ Pàkátà gíga kan gbẹ́sẹ̀ sókè, ó gbá a,
bọ́ọ̀lù bẹ́ lójú òfuurufú,
ó já wálẹ̀ bí èèpo iṣu.
Òmíràn ò sí láti ibẹ̀ dé Òṣogbo.
Mísítà Défísì wo aago, ó fun fèrè.

Wọ́n gbé mi lé èjìká, èmi tí n ò gbá nǹkan kan.
Wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣe é.
Lálẹ́, baba mi mú awọ náà sún mọ́ àtùpà,
ó ń fìka tọ ojú ìrán,
ó dé ibi tí òwú ti jẹ́ ẹyọ kan dípò méjì,
ó dúró níbẹ̀.
Ó wò mí.
Ó fẹ́ àtùpà náà pa.